Ìsinmi Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Kéékèèké Láàárín Òkè Swítsàlandì: Ìbéèrè Tí Àwọn Òbí Máa Ń Bi Mí

Láti ìgbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí àfonífojì Lauterbrunnen ni àwọn òbí ẹgbẹ́ wa kò ti yé pè mí. Àwọn kan ń gbé ní Ìlú Ọba níbí bíi tiwa, àwọn kan wà ní Èkó àti Ìbàdàn. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún 7, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 4, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ oṣù 14. A ti tún padà lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Mo kó àwọn ìbéèrè yín jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn. Ọmọ la ń gbé rìn, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò tó nínú irú rẹ̀.

Nínú gbogbo Yúróòpù, kí ló dé tó jẹ́ Swítsàlandì lẹ mú? Kí ló sì dé tí ẹ jókòó sójú kan?

Torí pé ní àfonífojì yẹn, ohun tí ènìyàn bá lọ wò ló ń wá bá a nílé. Àpáta dúró lọ́tùn-ún lósì Lauterbrunnen bí ògiri, omi sì ń já bọ́ láti orí rẹ̀ níbi púpọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi 72 ló wà níbẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, Staubbach, ń já láti ibi tó ga tó nǹkan bíi 300 mítà, ẹ̀bá ilé àwọn ènìyàn ló sì ń bọ́ sí. Ẹni tó bá ti dé ìdí Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà rí mọ bí ara ṣe máa ń rí nígbà tí ìrì omi bá fẹ́ síni lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọmọ mi kejì na ìka sí ojú fèrèsé, ó ní, "Mọ́mì, ẹnì kan ò ti ẹ̀rọ omi pa o."

Ní ti jíjókòó sójú kan, ètò tí mo kọ́kọ́ ṣe ní Geneva, Zermatt, Lucerne, Interlaken àti Zürich nínú, fún ọjọ́ mẹ́jọ péré. Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó tọ́ ọmọ mẹ́rin. Wọ́n kà á tán, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ìsinmi lẹ fẹ́ lọ ṣe ni, àbí ẹrù lẹ fẹ́ máa dì, tí ẹ ó máa tú?" Mo pa ìlú mẹ́rin rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá máa gba ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, òun nìyí: ẹ gba ilé kan, ní àfonífojì kan, kí ẹ sùn síbẹ̀ fún alẹ́ mẹ́fà tàbí méje. Ọmọ kékeré fẹ́ mọ ibi tí ife rẹ̀ wà, ó fẹ́ mọ ọ̀nà ilé ìtọ̀ lóru. Tí èyí bá ti dá a lójú, òkè tuntun lójoojúmọ́ kò ní dẹ́rù bà á. Ọmọ tó bá ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo alẹ́ ni yóò máa sunkún níwájú ohun tó rẹwà jù lọ láyé.

Ọmọ mi kò tíì pé ọdún 2. Ṣé kò ní jẹ́ owó tó ṣòfò, nígbà tí kò ní rántí?

Òun kò ní rántí, ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ máa rántí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ bí, tí owó kò sì pọ̀, èmi máa ní kí ẹ dúró títí yóò fi pé ọdún 4. Ọmọ ọdún 4 àti 5 ló ń jẹ adùn ibẹ̀ jù: ó ti lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, wọ́n máa jẹ́ kó wọ Trümmelbach, ibi tí omi ti ń já nínú àpáta, kò sì tíì pé ọdún 6 tí wọ́n ti ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin.

Oṣù wo ló dára jù láti lọ?

Àárín oṣù Kẹfà sí àárín oṣù Kẹsàn-án. Ṣáájú ìgbà yẹn, yìnyín ṣì máa ń bo ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ lókè. Ní oṣù Kẹrin, àti láti ìparí oṣù Kẹwàá wọ oṣù Kọkànlá, wọ́n máa ń dá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkè dúró láti tún wọn ṣe. Ènìyàn lè rìn jìnnà débẹ̀ kó wá bá ilẹ̀kùn ní títì.

Oṣù Keje àti Kẹjọ tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ìsinmi ni èrò máa ń pọ̀ jù. Àárọ̀ kùtù ni àwa fi ń bọ́ lọ́wọ́ èrò. Ọmọ kékeré kúkú ti máa ń jí ní aago mẹ́fà. A ó ti gòkè, a ó ti jẹun, a ó sì ti máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò bá ń kó èrò dé. Lákòókò ooru, ọ̀sán ni ààrá máa ń sán lórí òkè, ìdí mìíràn nìyẹn tí àárọ̀ fi dára.

Báwo la ṣe máa gba físà fún gbogbo ilé?

Pásípọ́ọ̀tù tí oníkálukú ń lò ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìlú tí ẹ ń gbé. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni èmi àti ọkọ mi ń lò, àwọn ọmọ sì ní ti Ìlú Ọba. Àwọn ọmọ kò nílò físà fún ìsinmi tí kò ju 90 ọjọ́ lọ. Àwa òbí nílò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ní ìwé ìgbé-ìlú ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, ẹ tètè mọ̀ ọ́n.

Swítsàlandì kò sí nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n láti ọdún 2008 ló ti wà nínú àdéhùn Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ń lo físà kan náà. Físà Schengen lẹ máa gbà. Ẹ lè gbé ìwé yín wọlé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, ó sì gbọ́dọ̀ ti wọlé ó kéré tán ọjọ́ 15 kí ẹ tó gbéra. Ọjọ́ 15 ni òfin fi sílẹ̀ fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fà á dé ọjọ́ 45. Fún ìdí èyí, oṣù mẹ́ta ṣáájú ni àwa gbé tiwa lọ. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó físà jẹ́ Yúrò 90 fún àgbà, Yúrò 45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gba ìwé lè fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan tó nílò físà ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, òbí ló sì ń fọwọ́ sí i. Wọn kì í gba ìtẹ̀ka lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Wọ́n máa béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ilé tí ẹ máa sùn sí, ètò ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ìwé ibi iṣẹ́, sítétímẹ́ǹtì báǹkì, àti ìwé adójútòfò ìrìnàjò tí kò dín ní Yúrò 30,000. Pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì wúlò fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti fún yín. Bí ó bá jẹ́ òbí kan ló ń mú ọmọ lọ, kí ẹnì kejì kọ ìwé ìyọ̀ǹda kó sì fọwọ́ sí i. Kódà tí ọmọ kò nílò físà, ẹ mú ìwé yìí dání. Wọ́n lè béèrè rẹ̀ lẹ́nu ibodè, pàápàá tí orúkọ ìdílé ìyá àti ti ọmọ kò bá bára mu.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ìwé báǹkì ayédèrú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín ṣe é. Inú ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen ń wò, àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ físà yín máa wà níbẹ̀ nígbà míì tí ẹ bá tún fẹ́ gbé àwọn ọmọ lọ sí Faransé tàbí Ítálì. Kí ẹ sì gba ilé àti tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà fún yín títí físà yóò fi jáde.

Ṣé òótọ́ ni pé ibẹ̀ wọ́n bí ojú?

Ó wọ́n, mi ò ní tàn yín. Fráǹkì ni wọ́n ń ná, kì í ṣe Yúrò, oúnjẹ ilé àrójẹ fún ènìyàn márùn-ún sì lè dun ẹni. Ṣùgbọ́n owó ọmọ kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́ bí àgbà bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Fún ọmọ ọdún 6 sí 15, káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Swiss Family Card: bí òbí kan bá ti ra Swiss Travel Pass, tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ káàkiri Swítsàlandì, ọmọ náà ń bá a wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í gba owó lórí káàdì yìí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu ara yín béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ra pass. A pàdé ìdílé kan láti Birmingham tí wọn kò béèrè, tí wọ́n sì ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọdún 9 wọn láti ọjọ́ mẹ́ta.

Swiss Travel Pass wà fún ọjọ́ 3, 4, 6, 8 tàbí 15. Ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi wà nínú rẹ̀, ó sì máa gbé yín dé Wengen àti Mürren lórí òkè. Tí ẹ bá fẹ́ gòkè ju ibẹ̀ lọ, ẹ máa san owó lé e, ní ẹ̀dínwó. Bí ẹ bá máa jókòó sí àfonífojì kan gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ, ẹ yẹ Berner Oberland Pass náà wò, torí agbègbè yẹn gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà kejì tí a lọ, ó dín owó wa kù dáadáa. Ẹ jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé, kí ẹ kọ òkè tí ẹ máa gùn sílẹ̀, kí ẹ ṣírò méjèèjì kí ẹ tó ra ọ̀kan.

Ọmọ mẹ́ta, àpò mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ ọmọ. Báwo lẹ ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin?

Ó rọrùn ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ẹ má yá mọ́tò. Láti pápákọ̀ òfurufú Zürich, ọkọ̀ ojú irin wà lábẹ́ pápákọ̀ gan-an. Ẹ máa gbà á dé Interlaken Ost, ó lè gba kí ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ ní Bern, gbogbo rẹ̀ sì máa tó wákàtí méjì àti díẹ̀. Láti Interlaken Ost sí Lauterbrunnen kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Nínú àwọn ọkọ̀ alájà méjì kan tó ń lọ ìlú jíjìn, wọ́n ṣe ibi ìṣeré sí àjà òkè fún àwọn ọmọdé, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ wá kọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn yàrá ọkọ̀ náà, tí wọ́n kùn àwòrán ìdílé sí lára. Ọmọ mi kejì kò mọ̀ pé a ti dé Bern.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí. Ọkọ̀ tó ń kúrò ní Interlaken Ost máa ń pín sí méjì ní Zweilütschinen. Apá kan ń lọ Lauterbrunnen, apá kejì ń lọ Grindelwald. Ẹ wo orúkọ tó wà lára kọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń wọ̀. Ní ọjọ́ tí a dé, èmi pẹ̀lú àbíkẹ́yìn wọ kọ́ọ̀ṣì tó ní àyè fún kẹ̀kẹ́ ọmọ, bàbá wọn kó àwọn méjì tó kù wọ iwájú. Bí ọkọ̀ ṣe pín nìyẹn. Èmi dé Lauterbrunnen, àwọn dé Grindelwald, ọ̀dọ̀ mi sì ni gbogbo oúnjẹ wà. Ó gbà wá ní wákàtí kan àbọ̀ kí a tó rí ara wa, àkọ́bí mi sì ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń wọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ ni kí n gbé lọ ni, àbí ọ̀já?

Ọ̀já! Mo gbé kẹ̀kẹ́ olówó ńlá kan lọ, inú ilé ló sùn sí jù. Ó dára fún ìsàlẹ̀ àfonífojì níbi tí ọ̀nà tẹ́jú, kò dára fún àtẹ̀gùn ọkọ̀ àti ọ̀nà olókùúta. Ọ̀já méjì tí ìyá mi fún mi nígbà ìkómọ ló ṣiṣẹ́. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, ara mi ń mú un móoru, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọmọ pọ̀n dáadáa lè ra àpò ìpọnmọ onírin tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè, bàbá wọn fẹ́ràn ìyẹn ju ọ̀já lọ. Òtútù máa ń tètè mú ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn, torí kò rìn rárá, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì fún un.

Ṣé kí a gbé àwọn ọmọ lọ sí Jungfraujoch, ibi tí wọ́n ń pè ní orí Yúróòpù?

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù nìyí, èsì mi sì máa ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀. Tí ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún 5 tàbí 6, ẹ fi sílẹ̀. Jungfraujoch ga tó 3,454 mítà. Iṣẹ́ ńlá ni ọ̀nà irin tó débẹ̀: ọdún 1912 ni wọ́n ṣí i, ó sì ju kìlómítà méje lọ tó fi ń gba inú àpáta Eiger àti Mönch kọjá. Yìnyín wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ẹ sì máa rí Aletsch, ìṣàn yìnyín tó gùn jù ní gbogbo òkè Alps, tó ju 20 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí à ń rí mí níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí à ń mí ní Èkó, ọkọ̀ sì ń gbé yín débẹ̀ kíákíá débi pé ara kò ráyè mọ́ ọn lára. Àgbà lè sọ pé orí ń fọ́ òun. Ọmọ oṣù 14 á kàn máa ké ni.

Nígbà kejì, ọkọ mi mú àkọ́bí lọ, èmi pẹ̀lú àwọn kékeré dúró sí Wengen. Inú àkọ́bí dùn sí yìnyín fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí a ti jọ ṣe àdéhùn. Orí fífọ́ àti èébì lórí òkè, ìsàlẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹ má wo ti owó tí ẹ ti san. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ wo kámẹ́rà orí òkè lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, torí bí ìkúukùu bá bò ó, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ọmọ wa ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣé a lè lọ?

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, torí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ló ń gbé e mọ́ra láìsọ. Ẹ lè lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó san owó ohunkóhun. Ohun mẹ́ta tó máa ń fa ìrora fún ọmọ tó jẹ́ SS tàbí SC ló pàdé lórí òkè: ọ́síjìn tó dínkù, òtútù, àti òǹgbẹ. Jungfraujoch kì í ṣe ibi tí ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lọ. Kódà àwọn òkè tó tó 2,000 mítà, ẹ bi dókítà léèrè nípa wọn, kí ẹ sì sọ gíga rẹ̀ gan-an fún wọn. Afẹ́fẹ́ inú bàálù pàápàá dà bíi ti òkè tó ga tó 1,800 sí 2,400 mítà, nítorí náà ẹ béèrè nípa ìyẹn pẹ̀lú. Àwọn tó jẹ́ AS náà, kí wọ́n má fi ojú kékeré wo ibi gíga, torí ó ti mú ìrora ọlọ́ inú bá àwọn mìíràn.

Àwọn adágún kò ga. Adágún Brienz àti adágún Thun kò tó 600 mítà, Lauterbrunnen fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 800 lọ. Ìdílé tí ọmọ wọn ní àrùn yìí lè gbádùn ọ̀sẹ̀ kan gbáko létí omi, kí wọ́n máa wo òkè láti ìsàlẹ̀. Ẹ mú oògùn tó máa ju ọjọ́ ìsinmi lọ, sínú àpò ọwọ́, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. Ẹ sì sọ òótọ́ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò, torí bí ẹ bá fi àìsàn pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti san owó ilé ìwòsàn.

Kí lẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́?

Ohun kan ṣoṣo lóòjọ́. Àárọ̀ la fi ń ṣe é, ọ̀sán jẹ́ ti oorun àti eré.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Männlichen. Láti Wengen, ìlú tí mọ́tò kì í wọ̀, àpótí onígíláàsì tí okùn irin ń fà gbé wa dé ibi tó ga tó nǹkan bí 2,200 mítà. Etí máa ń dí ọmọ nínú rẹ̀, ẹ fún kékeré lọ́mú, kí àwọn ńlá máa jẹ súìtì. Ibi ìṣeré kan wà lókè tí wọ́n gbẹ́ igi bíi màlúù ńlá, àwọn ọmọ ń wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń yọ̀ bọ́ jáde. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan tó tẹ́jú dáadáa lọ sí Kleine Scheidegg. Eiger, Mönch àti Jungfrau dúró níwájú yín ní gbogbo ọ̀nà náà, Jungfrau ga tó 4,158 mítà. Àgbà lè fi wákàtí kan àbọ̀ rìn ín. Àwa lo wákàtí mẹ́ta, torí gbogbo òkúta ni ọmọ ọdún 4 fẹ́ kí, agogo ọrùn màlúù sì ń dún lápá ibi gbogbo. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́. Bí mo bá ti ń kán wọn lójú ni ẹkún máa ń dé.

Ọjọ́ kejì tí wọn kò gbàgbé ni ti Giessbach. Ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Interlaken Ost, lórí adágún Brienz tí omi rẹ̀ ní àwọ̀ bíi aró tí wọ́n bu wàrà sí. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan tó ti ń gun òkè náà láti ọdún 1879 máa fà yín lọ sókè. Omi Giessbach ń já ní ìpele 14, ọ̀nà kan sì gba ẹ̀yìn omi náà kọjá. Bàbá wọn ti sọ fún wọn pé Olúmirin ní ìpele méje, ni wọ́n bá ń kà á sókè, wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó yẹ ká kà àti èyí tí kò yẹ. Àkọ́bí ní òun fẹ́ rí ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà báyìí. A ti ṣèlérí fún un.

Bí òjò bá rọ̀, ẹ lọ sí Trümmelbach. Inú àpáta ni omi rẹ̀ wà, ìpele mẹ́wàá, omi yìnyín tó ń yọ́ láti orí òkè, ó sì lè tó 20,000 lítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ariwo rẹ̀ ń mi àyà. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 wọlé, kódà bó bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, nítorí náà àwa méjèèjì máa ń gba ara wa níṣẹ́: ẹnì kan wọlé, ẹnì kejì dúró ti kékeré. Ballenberg náà wà nítòsí Brienz, ó lé ní 100 ilé àtijọ́ tí wọ́n kó jọ láti gbogbo Swítsàlandì, pẹ̀lú ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ. Kò ṣí nígbà òtútù.

Kí la máa jẹ?

Ẹ gba ilé tó ní kíṣìnì. Ilé ìtajà Coop wà nínú abúlé Lauterbrunnen, ìrẹsì, tòmátò, ẹyin, adìyẹ àti ẹja kò ní wọ́n yín. Ata tó ta bíi tiwa lè ṣòro láti rí, ẹ gbé ata gígún tiyín lọ. Gàrí àti èlùbọ́ náà kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ẹ kó ẹran tàbí wàrà wọlé láti Nàìjíríà tàbí Ìlú Ọba, ẹ fi ẹran gbígbẹ sílẹ̀ nílé. Ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kì í ṣí, ẹ ra oúnjẹ Àìkú ní Sátidé. Nínú oúnjẹ tiwọn, rösti ni àwọn ọmọ wa yàn, ọ̀dùnkún tí wọ́n rìn tí wọ́n sì dín. Omi ẹ̀rọ àti omi inú àwọn agbada òkúta ojú pópó dára fún mímu, àyàfi níbi tí wọ́n bá kọ "Kein Trinkwasser" sí. A kò ra omi lẹ́ẹ̀kan rí.

Aṣọ ńkọ́? Ṣé oòrùn lè jó àwa aláwọ̀ dúdú?

Ó lè jó wa o. Bí ẹ ṣe ń gòkè ni oòrùn ń le sí i, yìnyín sì ń dá a padà síni lójú. Ẹ fi ìpara oòrùn pa ọmọ, kí ó dé fìlà, kí ó lo jígí. Ooru ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì mẹ́fà fún gbogbo 1,000 mítà tí ẹ bá gùn, nítorí náà ẹ máa mú súwẹ́tà àti aṣọ òjò lọ́wọ́ kódà bí ìsàlẹ̀ bá ń gbóná. Bàtà tí kì í yọ̀ ṣe pàtàkì ju aṣọ tuntun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń mú ara gbẹ, òrí ni mo fi ń pa wọ́n lálaalẹ́.

Ewu wo ló wà níbẹ̀ tí àwọn òbí kì í kà sí?

Odò. Lütschine tó gba àárín àfonífojì kọjá dára lójú, omi yìnyín ni, ó tutù, ó sì ń sáré gan-an. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú létí rẹ̀ láìjẹ́ kó bọ́. Èkejì ni màlúù: abo tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn, ẹ yà fún un. Ẹ̀kẹta, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí pápá ká ní iná nínú. Kì í sábà ṣe ènìyàn léṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dun èkejì mi títí di ọjọ́ kejì.

Bí ara ọmọ kò bá yá ńkọ́?

Nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn ni 144, 112 náà ń ṣiṣẹ́, 1414 sì ni ti ẹlikópítà Rega tó ń gbé ènìyàn kúrò lórí òkè. Ẹ kọ wọ́n sórí fóònù. Ìtọ́jú ibẹ̀ dára, ó sì wọ́n, ìdí nìyẹn tí adójútòfò kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ físà nìkan.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ tààrà láti Nàìjíríà, ẹ jọ̀wọ́, bí ara ọmọ bá gbóná níbẹ̀ tàbí ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ kúrò nílé, kí gbólóhùn tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún dókítà jẹ́ pé Nàìjíríà lẹ ti wá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn. Dókítà tí kì í rí ibà lójoojúmọ́ lè rò pé òtútù lásán ni, ibà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni lára ọmọ kékeré.

Ṣé àwọn ará ibẹ̀ kò ní máa wò wá? A kò sì gbọ́ èdè wọn.

Àwọn kan wò wá, àwọn ọmọdé pàápàá, àwọn ọmọ wa náà sì wò wọ́n. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n mọ ìkíni. Lójú ọ̀nà òkè, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí máa kí yín bí ẹ bá pàdé. Jámánì ni èdè apá ibẹ̀, "Grüessech" sì ni wọ́n máa ń sọ. A kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n kí àgbà kí àgbà tó kí wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Ìyá àgbà kan dúró, ó bu súìtì fún wọn, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé wọ́n gbọ́. Nínú ọkọ̀ àti ilé ìtajà, ọ̀pọ̀ ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Màmá mi fẹ́ bá wa lọ, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn wọ́n. Ṣé a ò ní dá wọn lóró?

Ẹ mú wọn lọ. Òkè tí ọkọ̀ ń gùn ni òkè yìí, kò sí ibi tí mo dárúkọ tí ènìyàn kò lè jókòó dé, àyàfi inú Trümmelbach tí àtẹ̀gùn pọ̀ sí àti ọ̀nà ẹ̀yìn omi Giessbach. Tí wọ́n bá ń ṣàìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí dókítà gbọ́ sí i kí wọ́n tó gun ibi gíga. Ẹ gba ilé tó wà ní ìsàlẹ̀, kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìdíkọ̀. Físà tiwọn, ìlú tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ti máa gbà á. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa san owó ìrìnàjò wọn, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ẹ fi ìwé báǹkì yín àti ìwé tó fi hàn pé ọmọ wọn ni yín sí i.

Ìyá mi bá wa lọ nígbà kejì. Ní Männlichen, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi ìró bo ẹsẹ̀, àbíkẹ́yìn sùn sí itan wọn. A fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ a sì rìn díẹ̀. Nígbà tí a padà dé, wọn kò tíì kúrò lójú kan náà, wọ́n kọjú sí Eiger, wọ́n sì ń ki ọmọ náà ní oríkì rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.